Kíráùnù tó ń jò: ṣé sìmẹ́ǹtì ni ká bá wí?

Ìyá olùkọ́ kan ní Bódìjà béèrè:

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tí wọ́n ti fi kíráùnù bo eyín ẹ̀yìn mi kan nísàlẹ̀, lápá òsì. Láìpẹ́ yìí, bí mo bá mu omi tútù, ó máa ń ta mí dé ọpọlọ. Bí mo bá fi okùn ìfọyín kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òórùn burúkú ló ń bá okùn jáde. Mo lọ sọ́dọ̀ dókítà eléyín mìíràn, ó ní sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ kò dáa, pé ó ń jò, pé rẹ́síìnì, irú sìmẹ́ǹtì mìíràn, ló yẹ kí wọ́n ti lò láti ìbẹ̀rẹ̀. Iye tó pè fún mi ju owó oṣù mi lọ. Ṣé lóòótọ́ ni sìmẹ́ǹtì ń fa irú èyí, àbí wọ́n kàn fẹ́ gbowó lọ́wọ́ mi ni?”

*

Màmá, ẹ má tíì sanwó yẹn. Mi ò sọ pé irọ́ ni dókítà kejì pa o. Iṣẹ́ eyín ni mò ń ṣe n'Ìbàdàn yìí, mo sì ti rí kíráùnù tó jẹ́ pé sìmẹ́ǹtì ló jẹ́ kó jò. Àmọ́ kí ènìyàn tó lè ka ẹ̀ṣẹ̀ sí sìmẹ́ǹtì lọ́rùn, ó gbọ́dọ̀ ti fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tọ etí kíráùnù náà yíká bóyá ó jókòó dáadáa lórí kùkùté eyín, ìyẹn eyín tí wọ́n gé kù lábẹ́ rẹ̀, kó sì ti ya fọ́tò X-ray. Bí wọ́n bá kàn ní kí ẹ la ẹnu, tí wọ́n tan iná wò ó, tí wọ́n sì ní “sìmẹ́ǹtì ni,” wọn ò tíì yẹ̀ yín wò.

Kò sí kíráùnù tó bá eyín mu tán pátápátá. Bó ti wù kí ọwọ́ ẹni tó rọ ọ́ mọ́ tó, àlàfo bíńtín á wà láàárín etí rẹ̀ àti eyín, sìmẹ́ǹtì la sì fi ń dí àlàfo náà. Ní 1971, McLean àti von Fraunhofer nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé lórí iṣẹ́ eyín tó lé ní 1,000 tí wọ́n yẹ̀ wò láàárín ọdún 5. Ibi tí wọ́n fi ààlà sí ni 120 maikirónù (1,000 maikirónù ló wà nínú mìlímítà kan), ààlà yẹn náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì ń tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ eyín kò ju nǹkan bíi maikirónù 1 lọ. Lójú tirẹ̀, àlàfo tí àwa fọwọ́ sí gbòòrò ju títì Ring Road lọ. Sìmẹ́ǹtì nìkan ló dí ojú ọ̀nà yẹn. Bó bá yọ́, bó bá sán, tàbí bí kò bá lẹ̀ mọ́ eyín níbì kan, itọ́ àti kòkòrò á gbabẹ̀ wọlé. Ohun tí à ń pè ní jíjò nìyẹn.

Nítorí náà, kí wọ́n kọ́kọ́ sọ bí àlàfo tiyín ṣe fẹ̀ tó. Lẹ́yìn ìyẹn la ó wá béèrè irú sìmẹ́ǹtì tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fi sìmẹ́ǹtì tó wọ́n jù lọ láyé dí àlàfo gbàǹgbà, owó yín ló fi ṣòfò.

*

Ẹnì kan dá sí i láti Mókọ́lá: “Zinc phosphate ni wọ́n fi lẹ kíráùnù màmá mi nígbà tí mo ṣì wà ní pírámárì. Kò tíì yọ títí di òní. Rẹ́síìnì olówó gọbọi tí wọ́n lò fún èmi kò pẹ́ kó tó yọ. Ẹ fi nǹkan tuntun yìí sílẹ̀.”

Mo gbà á gbọ́. Láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n ti ń lo zinc phosphate, irú ohun tó sọ yẹn kò sì ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí. Kì í lẹ̀ mọ́ eyín ní tòótọ́. Ńṣe ló ń há sínú àwọn ibi tó rí ṣákaṣàka lára kùkùté àti nínú kíráùnù, tó bá ti gan tán, kíráùnù kò ní lè yí, kò sì ní lè gòkè. Nínú lábù, òun ni wọ́n sábà máa ń rí pé ó ń jò jù. Bí wọ́n ṣe ń dán an wò ni pé wọ́n á lẹ kíráùnù mọ́ eyín tí wọ́n ti yọ lẹ́nu ènìyàn, wọ́n á máa rì í bọ inú omi tútù àti omi gbígbóná ní àtúnrì, láti 5°C sí 55°C. Lẹ́yìn náà wọ́n á rẹ ẹ́ sínú aró, wọ́n á là á sí méjì, wọ́n á wo ibi tí aró rìn dé. Rẹ́síìnì sábà máa ń dá aró dúró lẹ́nu ọ̀nà. Zinc phosphate kì í fi bẹ́ẹ̀ dá a dúró.

Ibí yìí ni èmi àti àwọn kan nínú ẹgbẹ́ mi ti máa ń jiyàn. Aró kéré ju kòkòrò lọ fíìfíì, ibi tí aró gbà kọjá, kòkòrò lè máà rí i gbà. Eyín tí wọ́n sì ti yọ kò ní èrìgì tó ń ṣẹ̀jẹ̀, kò ní ahọ́n tó ń ti òwú (èyí tí a fi ń mú kí ẹnu gbẹ) kúrò, kò sí itọ́ tó ń sun sí i bí dókítà ṣe ń ṣiṣẹ́. Rẹ́síìnì gba máàkì tó ga nínú lábù torí pé ibi gbígbẹ ni wọ́n ti lò ó.

Ṣùgbọ́n ará Mókọ́lá, mi ò ní bá yín lọ títí dé òpin. Sìmẹ́ǹtì nìkan kọ́ ló gba màmá yín là. Ó ṣeé ṣe kí kùkùté eyín wọn ga, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró ṣánṣán, kí etí kíráùnù sì há débi pé sìmẹ́ǹtì tó fara kan itọ́ kò tó nǹkan. Bí kùkùté bá kúrú, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì fì sínú bí orí àtíbàbà, zinc phosphate kan náà kò ní pẹ́ níbẹ̀. Tiyín tó yọ yẹn ńkọ́? Kí wọ́n tó ní rẹ́síìnì ló ṣẹ̀, ẹ béèrè bí kùkùté yín ṣe ga tó, ẹ sì béèrè bóyá ẹ̀jẹ̀ wà lórí eyín nígbà tí wọ́n ń lẹ̀ ẹ́.

*

Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ojú ọjọ́, torí pé ilẹ̀ olótùútù ni wọ́n ti kọ ọ̀pọ̀ nínú ìwé tí a fi kọ́ṣẹ́.

Zinc phosphate máa ń gbóná bí a bá ń pò ó. Ìdí nìyí tí a fi ń lo awo gíláàsì tútù, tí a sì ń da ìyẹ̀fun rẹ̀ sí omi rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ooru Ìbàdàn á mú kí ènìyàn fẹ́ ti awo náà bọ fíríìjì kó lè rí àyè pò ó. Bó bá gbé e jáde lóṣù Keje, nígbà tí omi kún inú afẹ́fẹ́, kíá ni ìrì á sẹ̀ sójú gíláàsì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lójú, ẹ ó rí ojú ìka yín níbẹ̀. Omi yẹn á bọ́ sínú àpòpọ̀, sìmẹ́ǹtì á gan kí kíráùnù tó délẹ̀, kò ní lágbára tó yẹ, á sì tètè yọ́ lẹ́nu. Kí awo tutù níwọ̀nba ló dáa, kó má tutù débi tí ìrì á fi sẹ̀ sí i. Bí mo bá rí ìkùukùu lójú tèmi, mo máa ń dúró kó lọ, mo sì máa ń fi aṣọ gbígbẹ nù ún kí n tó ṣí ìgò.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n náà wà níbẹ̀. Ṣíbí kékeré kan máa ń bá ìgò glass ionomer, irú sìmẹ́ǹtì mìíràn tí a ń pò, wá, wọ́n á sì kọ ọ́ sí i pé ṣíbí mélòó sí ẹ̀kán mélòó. Ní ibi púpọ̀, olùrànlọ́wọ́ á kàn fojú díwọ̀n rẹ̀, yóò sì jẹ́ kó ṣàn dáadáa kí ọ̀gá má bàa bínú. Sìmẹ́ǹtì tó ṣàn jù rọrùn lò, kíráùnù á wọlé wẹ́rẹ́. Òun náà ló ń tètè yọ́ ní etí kíráùnù. Ẹ lò ó nígbà tí ojú rẹ̀ bá ń dán. Bí dídán yẹn bá ti lọ, ẹ dà á nù, ẹ po òmíràn, kì báà jẹ́ pé ó kù díẹ̀ nínú ìgò. Mo ń bẹ ẹ̀yin tí ẹ ní ilé ìtọ́jú eyín: owó ìyẹ̀fun yẹn kò tó owó eyín tí yóò bàjẹ́.

*

Dókítà ọ̀dọ́ kan kọ̀wé: “Ọ̀gá, kí ló dé tí ẹ fi ń gbèjà nǹkan àtijọ́? Rẹ́síìnì kì í yọ́ nínú itọ́, ó ń lẹ̀ mọ́ eyín, ó ń lẹ̀ mọ́ kíráùnù. Èyí tó ń lẹ̀ fúnra rẹ̀ ti wà láti 2002, kò gba ìgbésẹ̀ púpọ̀. Kí a lò ó fún gbogbo ènìyàn, kí jíjò tán.”

Àbúrò, gbogbo ohun tí ẹ sọ nípa rẹ̀ dá mi lójú, mo sì ń lò ó. Bí kùkùté bá kúrú, rẹ́síìnì ni mo máa ń mú. Fún kíráùnù lithium disilicate (irú kan tó jọ tánganran), òun náà ni. “Fún gbogbo ènìyàn” tí ẹ sọ yẹn ni mi ò fara mọ́.

Rẹ́síìnì máa ń sún kì bó bá ń gan. Bó bá sún kì, á máa fa ara rẹ̀ kúrò lára ibi tí kò ti lẹ̀ dáadáa. Níbi tí ara eyín líle tó wà lókè bá ṣì wà ní etí kíráùnù, ìdè náà lágbára, ó lè fara da fífà yẹn. Ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn aláìsàn tí à ń rí níbí, mélòó ni etí kíráùnù wọn ṣì wà lókè? Wọn kì í tètè wá. Kòkòrò á ti jẹ eyín wọ abẹ́ èrìgì kí wọ́n tó dé, ibẹ̀ ni a ó sì ní láti gbé etí kíráùnù sí. Inú eyín tó rọ̀ ló wà níbẹ̀, èrìgì tó wú ń ṣẹ̀jẹ̀ sí i, omi ń sun láti abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá fi rẹ́síìnì síbẹ̀ láì tíì dá ẹ̀jẹ̀ dúró, ojú méjèèjì ò ní lẹ̀ mọ́ra, ẹ̀yin á sì gbà pé iṣẹ́ yín mọ́. Glass ionomer tí wọ́n fi rẹ́síìnì díẹ̀ sí máa ń fara da omi díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun ni mo máa ń lò níbẹ̀, tàbí kí n ní kí aláìsàn lọ tọ́jú èrìgì rẹ̀ ná, kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹ tún wo kànáfùrù. Eugenol tó wà nínú òróró kànáfùrù ló wà nínú sìmẹ́ǹtì onígbà díẹ̀ kan tí a ti ń lò tipẹ́, èyí tí a máa fi lẹ kíráùnù onírọ́bà títí èyí gidi yóò fi dé láti lábù. Eugenol kì í jẹ́ kí rẹ́síìnì gan dáadáa. Àwọn ènìyàn wa sì ń ra òróró kànáfùrù lọ́jà, wọ́n ń fi òwú tẹ̀ ẹ́ sí eyín tó ń dùn wọ́n, ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa gan-an. Ẹ máa béèrè lọ́wọ́ wọn. Ẹ fọ kùkùté dáadáa.

Bó bá jẹ́ kíráùnù zirconia, irú funfun kan tó le gan-an, bí ẹ bá ti gbé e wò lẹ́nu, phosphate inú itọ́ ti lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, omi lásán kò sì ní ṣí i. Ẹ má fi phosphoric acid fọ̀ ọ́, phosphate náà lẹ tún ń kó lé e. Ẹ fẹ́ iyanrìn alumina sí i, tàbí kí ẹ lo èròjà ìfọ̀ tí wọ́n ṣe fún un.

Ọ̀rọ̀ iná sì ń bẹ. Iná búlúù tí a fi ń mú rẹ́síìnì gan kò lè la irin kọjá, bẹ́ẹ̀ ni zirconia tó nípọn kì í jẹ́ kí púpọ̀ nínú rẹ̀ kọjá. Níbẹ̀, ẹ lo èyí tó lè gan fúnra rẹ̀. Ẹ má sì lo fìtílà tí bátìrì rẹ̀ ti ń kú torí pé NEPA mú iná láti àná. Ìta sìmẹ́ǹtì á le, inú rẹ̀ á rọ̀.

*

Ẹni tó béèrè bóyá òun lè fi sùpà gúlù lẹ kíráùnù òun padà: rárá. Kíráùnù kò ní jókòó síbi tó yẹ kó jókòó, kòkòrò á wà lábẹ́ rẹ̀, àwa náà ò sì ní rí ibi bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá fẹ́ yọ ọ́. Ẹ fọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi, ẹ fi sínú ike kékeré tó mọ́, ẹ gbé e wá.

Ẹni tó sì ní orín àtà ló ń tú sìmẹ́ǹtì: mi ò tíì rí i bẹ́ẹ̀. Ẹ máa rin ín, kí ẹ fi ẹnu rẹ̀ tó ti rọ̀ gbá etí èrìgì. Ohun kíkan tí ẹ ń mu láàárín oúnjẹ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ni mo bẹ̀rù, sóòbò àti mínírà, torí pé zinc phosphate àti glass ionomer máa ń yọ́ nínú kíkan.

*

Àwọn mẹ́ta ti béèrè èyí tí mo fẹ́ràn jù. Fún kíráùnù onírin, tàbí onírin tí wọ́n fi tánganran bò, lórí kùkùté tó ga tó, glass ionomer ni. Alan Wilson àti Brian Kent ló ṣe é ní ilé ìwádìí ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1972. Ó ń so mọ́ calcium inú eyín, ó ń tú fluoride sílẹ̀, kò sì wọ́n bíi rẹ́síìnì. Àlébù rẹ̀ ni pé ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, kí ó tó gan, omi lè fọ̀ ọ́ lọ. Bí eyín bá sì gbẹ jù, tí dókítà fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ títí, ó lè sán, eyín á sì máa ta aláìsàn. Kí kùkùté máa dán díẹ̀, kí omi má dúró lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo rí. Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Gbági gbé kíráùnù wá sọ́dọ̀ mi, kùkùté ti dá sínú rẹ̀. Mo yí i sábẹ́ iná. Lókè nínú kíráùnù, glass ionomer ṣì wà, ó funfun, ó le, irin mi kò lè họ ọ́. Lápá ahọ́n, ní etí, kò sí nǹkan kan mọ́ rárá, ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló kù, oúnjẹ dúdú ti di síbẹ̀. Láti ibẹ̀ wọlé, eyín ti rọ̀ débi pé ṣíbí kékeré ń wa á bíi wàrà. Sìmẹ́ǹtì kan náà, ọjọ́ kan náà, ọwọ́ kan náà. Apá ahọ́n ni itọ́ máa ń kún sí nísàlẹ̀, mo sì gbà pé òwú ibẹ̀ ti rin kí sìmẹ́ǹtì tó gan. Kò sí ẹni tó lè sọ fún mi pé bí wọ́n bá ti lo rẹ́síìnì sínú itọ́ yẹn, eyín náà ìbá wà níbẹ̀ lónìí.

Òwú mẹ́ta, ohun tó ń fa itọ́, olùrànlọ́wọ́ tí kò gbé ojú kúrò, ìṣẹ́jú tí ìwé sìmẹ́ǹtì sọ. Iwájú àwọn wọ̀nyí ni mo ti ń jà fún eyín aláìsàn mi.

*

Bàbá kan láti Apata: “Tèmi kò ta mí rí. Ó kàn yọ lọ́jọ́ kan ni, wọ́n ní eyín ti jẹrà tán nínú.”

Sà, wọ́n ti pa iṣan inú eyín yín kí wọ́n tó bò ó, àbí? Eyín tí wọ́n ti ṣe gbòǹgbò rẹ̀ kò lè kìlọ̀ fún ènìyàn. Ẹ̀yin tí ẹ ní irú rẹ̀, ẹ má dúró de ìrora. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa ya fọ́tò rẹ̀ lóòrèkóòrè. Àmì kan tún wà tí ẹ lè bi dókítà yín: kí ó fi òwú nu eyín náà gbẹ, kí ó fi ìka tẹ kíráùnù mọ́lẹ̀, kí ó wo etí rẹ̀. Bí ìhó wẹ́wẹ́ bá ń yọ níbẹ̀ bó ti ń tẹ̀ ẹ́, sìmẹ́ǹtì ti já, itọ́ ń wọlé, ó ń jáde.

*

Màmá olùkọ́ padà wá: “Mo ti ya fọ́tò náà. Wọ́n fi òjìji dúdú kan hàn mí lábẹ́ etí rẹ̀, lápá iwájú, wọ́n sì ní irin wọn ń wọ ibẹ̀. Dókítà ní òun á yọ kíráùnù náà, òun á fi rẹ́síìnì lẹ èyí kan náà padà. Kí n gbà?”

Rárá, Màmá. Bí irin bá ń wọ etí, etí kíráùnù kò bá eyín yín mu mọ́, tàbí kó jẹ́ pé kòkòrò ti jẹ eyín sá lábẹ́ rẹ̀. Rẹ́síìnì kò lè di etí kíráùnù. Bí wọ́n bá lẹ èyí kan náà padà, ihò yẹn á ṣì wà níbẹ̀, sìmẹ́ǹtì nìkan ló máa dí i, á sì tún lọ. Kí wọ́n gé ti àtijọ́ kúrò, kí wọ́n wa gbogbo ibi tó rọ̀ jáde, kí wọ́n wo iye eyín líle tó kù lókè èrìgì yíká. Bó bá tó mìlímítà 2, kíráùnù tuntun lè dì í mú dáadáa. Bó bá kéré sí i, kí wọ́n sọ òótọ́ fún yín kí ẹ tó náwó. Omi tútù tó ṣì ń ta yín fi hàn pé iṣan inú eyín náà ṣì wà láàyè. Ìròyìn ayọ̀ ni, ẹ má jẹ́ kó pẹ́.

Lórí sìmẹ́ǹtì, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo: “Etí kíráùnù tuntun yìí, ṣé òkè èrìgì ló máa wà ni àbí abẹ́ rẹ̀, báwo lẹ sì ṣe máa jẹ́ kí ibẹ̀ gbẹ?” Ẹni tó bá ní ìdáhùn síyẹn, ẹ jẹ́ kó yan sìmẹ́ǹtì fúnra rẹ̀. Bó bá ní rẹ́síìnì lòun máa lò, ẹ rán an létí pé kí sìmẹ́ǹtì onígbà díẹ̀ tó máa lò láàárín má ní eugenol. Bí owó bá le, ẹ lè lọ sí ẹ̀ka eyín ní UCH, kí wọ́n wò ó níbẹ̀ kí ẹ tó pinnu. Apá ọ̀tún ni kí ẹ máa fi jẹun títí dìgbà yẹn, ẹ sì má fi kànáfùrù sí i.